Ping ń lọ, apt kọ̀: server tó máa ń sọnù nígbàkígbà tí iná bá lọ tó sì dé

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iléèwé kan ní Ìbàdàn ni mo ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń tọ́jú server wọn. Àlòkù ni, Ubuntu Server 22.04 ló wà lórí rẹ̀. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ owó iléèwé wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì mú un dé, server á tan, ṣùgbọ́n kò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì lò mọ́. `ping 8.8.8.8` ń lọ geerege. `ping google.com` kò lọ. `apt update`, tí à ń fi gba àtúnṣe Ubuntu, kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fóònù wa tó wà lórí router kan náà ń ṣiṣẹ́. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo ti ra router tuntun, mo ti format rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ti format rẹ̀, á dára títí iná á tún fi lọ. Ọ̀gá wa ti ní ká lọ ra òmíràn. Ẹ bá mi dá sí i."

* * *

Àbúrò mi, dákun, ẹ má tíì ra server kankan. Ohun tí o kọ yìí fúnra rẹ̀ ti yọ ìdajì àwọn tí à bá fura sí kúrò. Ping kàn ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn láti mọ̀ bóyá á dáhùn. Bí `ping 8.8.8.8` bá ń lọ, wáyà ń ṣiṣẹ́, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́, server ti gba àdírẹ́sì, ó sì mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí router tuntun tí o rà kò fi yí ohunkóhun padà. Owó yẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ.

Ti format yẹn náà dùn mí. Nígbà tí o format rẹ̀ tó sì gbéra, o kò wo àìsàn náà sàn, ẹlẹ́rìí lo pa. Gbogbo ohun tó wà nínú `/var/log` tó lè sọ fún wa ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ, ọwọ́ ara rẹ lo fi nù ún kúrò. Àwọn bàbá wa ní ibi tí a ti kọsẹ̀ ló yẹ ká wò, kì í ṣe ibi tí a ṣubú sí. Íntánẹ́ẹ̀tì tí kò lọ ni ibi tí o ṣubú sí. A ò tíì mọ ibi tí o ti kọsẹ̀.

Nítorí náà, bí iná bá tún lọ tó sì dé, má fọwọ́ kan ohunkóhun. Má pa á, má tan án. Jókòó sídìí rẹ̀, kí o sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

`date`
`timedatectl`
`ip r`
`resolvectl query google.com`
`journalctl -b -p err`

Ohun tó bá kọ síta, dà á kọ bó ṣe wà, má fi ẹnu ara rẹ tún un sọ. "Ó ń mú error wá" kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú error náà gan-an la nílò.

* * *

Kí ó tó padà dé, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìmọ̀ràn tí àwọn mìíràn nínú yín ti fún un níhìn-ín, nítorí àwọn kan nínú wọn lè kó bá ẹlòmíràn.

Èyí tó pọ̀ jù ni pé DNS ni, ìyẹn ètò tó ń tú orúkọ ojúlé sí àdírẹ́sì, kó lọ kọ `nameserver 8.8.8.8` sínú `/etc/resolv.conf`, ó parí. Mo gbà pé orúkọ ni server yìí kò lè tú sí àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò lè tú u? Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí iná bá lọ nìkan ni? Ẹ tún rántí pé lórí Ubuntu, `/etc/resolv.conf` kì í ṣe fáìlì gidi. Ìtọ́ka lásán ni sí fáìlì tí systemd-resolved, ètò tó ń bá Ubuntu tú orúkọ, ń kọ fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tún tan án.

Àwọn kan ní kó pa á kó tún tan án. Lórí kọ̀ǹpútà tí à ń fi tẹ lẹ́tà, kò burú. Lórí server tó ń ṣe ohun àjèjì, bí ẹ bá ti pa á, ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀ lásìkò yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ ka àkọsílẹ̀ ná. Bí ẹ bá sì ti pa á kẹ́ ẹ tó rántí, `journalctl -b -1` á fi ti ìgbà tó ṣáájú hàn yín. Bí ó bá ní òun kò ní nǹkan kan fún ìgbà yẹn, ẹ ṣẹ̀dá fódà `/var/log/journal`, kó lè máa tọ́jú wọn láti ìsinsìnyí lọ.

Ẹnìkan ní kó kúrò lórí Ubuntu lọ sórí Debian, tí òun náà jẹ́ Linux. Mo fẹ́ràn Debian gan-an, òun ni mò ń lò nílé. Kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

* * *

Ó ti padà dé. Ohun tó kọ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Iná lọ lálẹ́ àná, ó dé láàárọ̀ yìí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé `date` ń sọ pé oṣù kẹta ọdún 2023 la wà. Nínú `timedatectl`, ní iwájú RTC time, January 2012 ló wà níbẹ̀. `resolvectl` ní `DNSSEC validation failed: signature-expired`, nígbà tí mo tún un ṣe ó ní `no-signature`. Mo tún fi 8.8.8.8 sínú resolv.conf bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lóòótọ́, ṣùgbọ́n apt ní `Release file is not valid yet`. Ohun kan tún wà tí n kò sọ tẹ́lẹ̀: mo ti ṣètò rẹ̀ nínú BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà) pé kó máa tan fúnra rẹ̀ bí iná bá dé, ṣùgbọ́n kì í tan, àfi ká tẹ bọ́tìnnì."

* * *

A ti rí i. Ẹ gbé ojú kúrò lára router àti DNS. Bátìrì ni.

Lórí motherboard ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà tó rí bí owó ẹyọ. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì ni ìwọ̀n rẹ̀: ó fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó mìlímítà 3.2. Fólítì 3 ló ń gbé jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí aago kékeré tó wà lórí motherboard, èyí tí wọ́n ń pè ní RTC, máa rìn nígbà tí kò sí iná rárá. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń jẹ́ kí BIOS rántí ètò tí ẹ ṣe. Ìdí nìyẹn tí "máa tan fúnra rẹ" fi ń pòórá.

Bátìrì tìrẹ ti kú. Bí iná bá ti lọ, RTC á gbàgbé gbogbo nǹkan, á padà sí 2012, ọjọ́ tí àwọn tó ṣe BIOS fi sínú rẹ̀. Bí Linux bá wá jí, systemd, ètò tó ń jí àwọn ètò yòókù, á wo aago náà, á rí i pé kò ṣeé ṣe kí a wà ní 2012, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe òun alára. Á wá ti aago síwájú dé ọjọ́ tí wọ́n ṣe òun. Ibẹ̀ ni 2023 ti wá. Nígbàkígbà tí ẹ bá rí RTC ní ọdún kan tí `date` sì wà ní ọdún mìíràn tí kì í ṣe ọdún yìí, bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ṣùgbọ́n NTP wà tó yẹ kó tún aago ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àbí? Òun náà ni mo rò. Mo wá bi í bóyá ó ń ṣe nǹkan kan sí server náà lẹ́yìn tó bá ti format rẹ̀ tán. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé àṣẹ kan (script) wà tí òun máa ń lò láti dáàbò bò ó. Ìwé àṣẹ náà fi chrony rọ́pò systemd-timesyncd (àwọn méjèèjì jẹ́ ètò tó ń fi NTP tún aago ṣe), ó sì kọ `DNSSEC=yes` sínú `/etc/systemd/resolved.conf`.

Ibẹ̀ gan-an ni okùn ti so. Ìdáhùn DNS tó bá ní DNSSEC máa ń wá pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé, ìbuwọ́lùwé kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Server tó gbà pé 2023 la wà á wo ìbuwọ́lùwé òde òní, á ní ọjọ́ rẹ̀ kò bá tòun mu, á sì kọ ìdáhùn náà. Nígbà tó ti kọ ìdáhùn, kò lè mọ àdírẹ́sì `pool.ntp.org`. Nígbà tí kò mọ ọ́n, chrony kò rí ẹni bi ní aago. Nígbà tí kò rí ẹni bi, 2023 ló máa wà títí lọ. Aago ń dúró de DNS, DNS ń dúró de aago, àwọn méjèèjì ń wojú ara wọn láti àárọ̀ di alẹ́. Ping kò nílò orúkọ, kò sì bìkítà ọdún tí a wà, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ.

8.8.8.8 tí o kọ sínú resolv.conf fo systemd-resolved dá, orúkọ wá tú. Apt wá bá ògiri kejì pàdé, nítorí fáìlì Release tí apt ń kà náà ní ọjọ́ lórí. Ká ní o gbìyànjú ojúlé https kan ni, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á ní òun kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Àìsàn kan náà ló ń yọ lójú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìdí tí format fi ń "wò ó sàn" náà ti hàn báyìí: Ubuntu 22.04 tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí rẹ̀ ń lo timesyncd, kò sì tan DNSSEC sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Aago á tọ́. O wá fi ìwé àṣẹ rẹ sí i, kò sí wàhálà, nítorí aago ti tọ́ ná. Àfi ìgbà tí iná bá lọ.

* * *

Bí o ṣe máa tún un ṣe nìyí. Ohun kan ní ìgbà kan ni o, kí o lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Wo aago fóònù rẹ, kí o fi `sudo date -s` kọ ọjọ́ àti wákàtí tó tọ́. Lẹ́yìn náà `sudo hwclock -w`, kí RTC náà gbà á. Tún chrony àti systemd-resolved tan, kí o wo `chronyc sources`. Bí o bá rí `^*` níwájú ìlà kan, ó ti rí ẹni tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn èyí, kọ ìlà yìí kún `/etc/chrony/chrony.conf`: `server 162.159.200.1 iburst`. Aago Cloudflare ni. Nọ́ńbà lo kọ, kì í ṣe orúkọ, nítorí náà chrony kò ní bẹ DNS kó tó rí i. Okùn yẹn ti já nìyẹn. Má yọ `makestep 1 3` tó wà nínú fáìlì náà. Òun ló ń jẹ́ kí chrony fo aago lọ síbi tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá rí i pé ó fi ju sẹ́kọ́ńdù kan lọ nínú àtúnṣe mẹ́ta àkọ́kọ́. Láìsí i, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà á, ọdún púpọ̀ kò sì ṣeé fà díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ra bátìrì. Àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Dùgbẹ̀ ń tà á. Ní kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ kí o tó sanwó, nítorí òmíràn ti kú sínú páálí. Èyí tó dára máa ń ju fólítì 3 lọ díẹ̀. Yọ wáyà iná kúrò lára server pátápátá, fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, rọra fi èékánná ti ìkọ́ kékeré tó di bátìrì mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ta jáde fúnra rẹ̀. Ojú tí wọ́n kọ + sí ló ń kọjú sókè.

* * *

Ẹnìkan tó ń gbé ní London kọ̀wé pé òun ti lo kọ̀ǹpútà kan fún ọdún mẹ́wàá láìpààrọ̀ bátìrì yìí, pé àsọdùn ni mo ń sọ. N kò jiyàn pé tirẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lójú iná, kódà bí a bá pa á, iná kékeré fólítì 5 ń wọlé láti inú power supply, òun ló ń bọ́ aago. Bátìrì kì í ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí kò bá sí iná lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ní ibi tí iná kì í lọ, bátìrì lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ìbàdàn, ibi tí iná lè má sí látàárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n sì tún ń yọ pọ́ọ̀gì nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, òun ló ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní gbogbo òru. Kí wá ni ti àlòkù tó ti jókòó sínú àpótí lórí omi àti ní ilé ìkẹ́rù fún oṣù mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Èmi máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lára gbogbo àlòkù lọ́jọ́ tó bá ti dé ọwọ́ mi, màá sì kọ ọjọ́ náà sórí páálí kékeré lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní ìnfátà (inverter) ló yẹ kí iléèwé náà rà, ọ̀rọ̀ tán. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹnìkan níhìn-ín ní òun ní ìnfátà, gílóòbù kò ṣẹ́jú, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ń pa kó tó tún tan. Power supply kọ̀ǹpútà lè fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 16 dúró láìrí iná. Ọ̀pọ̀ ìnfátà ilé ní ètò méjì: èyí tí wọ́n ń pè ní UPS, tó ń yí padà láàárín mílísẹ́kọ́ńdù 10, àti èyí tó wà fún fíríìjì àti fáànù, tó lè gbà tó 20. Ẹ wo inú ètò ìnfátà yín bóyá èyí tó yára ló wà lórí.

* * *

Mo fẹ́ padà sórí wáyà díẹ̀, nítorí mẹ́ta nínú yín bi mí pé báwo ni mo ṣe dá wáyà láre kíákíá bẹ́ẹ̀.

N kì í dá a láre ní gbogbo ìgbà. Ilé ìtẹ̀wé kan pè mí ní Mọ́kọ́lá nígbà kan, server wọn ń rí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á tún sọnù. Wọ́n ti gba Linux tuntun sí i. Mo tẹ `dmesg -T`, mo sì rí `Link is Up`, `Link is Down`, `Link is Up`, `Link is Down`, ojú ewé kan gbáko. Kò sí ohun tí format máa ṣe sí ìyẹn. Mo tọ wáyà náà láti ẹ̀yìn server gba inú àjà. Lókè ọ́fíìsì ọ̀gá wọn, eku ti jẹ awọ rẹ̀ dé irin, méjì nínú wáyà mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ ti já: aláwọ̀ búlúù àti èkejì rẹ̀.

Iná tó wà lẹ́yìn server ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyẹn ló ń tàn wọ́n jẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 100 Mb/s ń lo wáyà mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n ti 1000 ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Orí mẹ́rin tí 100 ń lò, tí kò já, ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ti ń fẹnu kò lórí ìyára tí wọ́n máa lò, wọ́n á gbà láti lo 1000, wọn á gbìyànjú, á já, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Káàdì mìíràn gbọ́n tó láti sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sí 100, ẹ ó wá rí server tó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tó ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ tẹ `ethtool` pẹ̀lú orúkọ káàdì yín, kẹ́ ẹ wo iwájú `Speed`. Bí ó bá jẹ́ 100 níbi tó yẹ kó jẹ́ 1000, ẹ tọ wáyà yín lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti Mọ́kọ́lá àti ti iléèwé yìí ni ping. Ní Mọ́kọ́lá, ping fúnra rẹ̀ ń já.

* * *

Àríyànjiyàn tó kù ni ti DNSSEC. Àwọn kan ní kó kọ `DNSSEC=no` kó lọ sùn, pé òun ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó bá pa á ti ṣí ilẹ̀kùn fún olè.

Èmi kò bínú sí ẹni tó bá pa á lórí server iléèwé. Bí Ubuntu ṣe gbé e wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé òun ló fà á. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, aago ló parọ́ fún un. Bí ẹ bá pa DNSSEC tí ẹ fi bátìrì òkú síbẹ̀, ìṣòro á kàn yí ibùgbé padà ni: kí ó tó tún aago ṣe, àkọsílẹ̀ owó iléèwé lè gba ọjọ́ 2023, cron, tó ń ṣe iṣẹ́ tí a dá àkókò fún, lè sáré ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ sórí ọjọ́ tí kò sí. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Àbúrò mi, jọ̀wọ́, bá akọ̀wé owó yín jókòó, kẹ́ ẹ wá gbogbo owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí iná bá dé. Ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí kan ti san owó tí ó wà ní ọdún tí ọmọ wọn kò tíì wọ iléèwé.

* * *

Ó tún kọ̀wé, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oore. Bátìrì àtijọ́ wọn fólítì 1.4, tuntun wọn 3.2. Iná ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, server ń tan fúnra rẹ̀, apt ń lọ. A rí owó mọ́kànlá tó ní ọjọ́ 2023, a ti ń tún un kọ. Ọ̀gá ti yí ọkàn padà lórí server tuntun. Ìbéèrè kan ló kù: `timedatectl` fi agogo mẹ́ta ọ̀sán hàn ní iwájú Local time, ṣùgbọ́n RTC time ní agogo méjì. Ṣé bátìrì tuntun náà ti ń kú ni?"

Rárá, ara rẹ̀ le. Linux ń fi aago UTC sínú RTC, Africa/Lagos sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC lọ́jọ́ gbogbo nínú ọdún. Bí wákàtí kan gééré bá ni ìyàtọ̀ náà, tí ìṣẹ́jú méjèèjì bá ara wọn mu, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì tún wọ inú BIOS, má ṣe fi aago ọwọ́ rẹ tún un ṣe.